Kí O Tó Fi Òwú Sí I

“Mo ní, kí lèyí?”

Agolo bisikíìtì kan ló wà lọ́wọ́ bàbá náà. Ní òdìkejì tábìlì iṣẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku òwú kúrò nínú ikùn ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Ó wo agolo náà, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀.

“Agolo bọ́bìnì mi ni, Bàámi.”

“Mo mọ̀ pé agolo bọ́bìnì ni. Èmi ni mo jẹ bisikíìtì inú rẹ̀ tán kí n tó fún ọ. Ohun tó wà lábẹ́ bọ́bìnì ni mò ń béèrè.”

Súkúrù kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ni bàbá náà ń wá tẹ́lẹ̀. Àbíkẹ́yìn, bí gbogbo ilé ṣe ń pe ọmọ náà torí pé òun ló gbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́ta, a máa kó súkúrù tó bá ṣẹ́kù pamọ́ sáàárín àwọn bọ́bìnì, àwọn irin róbótó kékeré tí a ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí lára. Bàbá náà ti tú gbogbo wọn sórí tábìlì. Lábẹ́ wọn ló ti bá ewé gbígbẹ tí wọ́n fi bébà wé, àti ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tí hóró oògùn funfun mẹ́ta wà nínú rẹ̀.

“Igbó ni,” ni Àbíkẹ́yìn wí. Láti kékeré ni kò ti mọ irọ́ í pa.

“Àti èyí?”

“Wọ́n ní ó ń jẹ́ kéèyàn sùn.”

“Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ń ta igbó fún mi. Ó kàn fi ta mí lọ́rẹ ni. Mi ò tíì lo ọ̀kankan.”

“O ò tíì,” ni bàbá náà wí.

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló ba ọmọ náà lẹ́rù. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnjiníà yìí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún tó ti fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ti jẹ́ kí etí rẹ̀ di díẹ̀, bó bá sì kí ará ilé kejì pé “ẹ káàárọ̀”, àwọn ará òpópónà kejì ló ń dá a lóhùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá àwọn kò nílò fóònù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró ti òkú.

“Láti ìgbà wo?”

“Oṣù mẹ́ta. Ó lè tó mẹ́rin.”

“Nínú ilé mi.”

“Ẹ̀yìnkùlé ni, kí n tó wọlé sùn. Bàámi, kì í ṣe pé mo fẹ́...”

“O mọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi?”

Àbíkẹ́yìn yíjú sí pálọ̀. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, wà lára ògiri pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

“Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fà sí imú ló pa á,” ni bàbá náà wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹ̀fun ló fi bẹ̀rẹ̀. Igbó ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bímọ ni mo ti ń wò ó lókèèrè. Mi ò mọ̀ pé inú agolo bisikíìtì ló máa ti jáde gún mi.”

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, sà?”

“Kó ẹrù rẹ. Kí ọ̀sán ọ̀la tó pọ́n, mi ò fẹ́ bá ọ níbí mọ́.”

Ẹni ọdún méjìlélógún ni Àbíkẹ́yìn, ó sì fi orí kan ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde dúró, ńṣe ló dà bíi pé ó kéré sí i.

“Ibo ni kí n lọ?”

“Lọ bá ẹni tó ń fún ọ lóògùn oorun.”

Ọmọ náà wò ó díẹ̀, bóyá ó máa kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Nígbà tí kò kó o jẹ, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ilé wá dákẹ́. Ìyàwó Ẹnjiníà ti lọ bá àkọ́bí wọn gbé ọmọ tuntun jó, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kó padà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun fi ọkọ òun sílẹ̀ fún orogún òun. Fáànù ló ń pè ní orogún: fáànù kékeré kan tí Ẹnjiníà máa ń gbé sẹ́bàá etí rẹ̀ bó bá fẹ́ sùn, ì báà jẹ́ ìgbà òtútù tí eyín ń gbá eyín. Ẹnjiníà mú fóònù láti pe ìyàwó rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Báwo ni yóò ṣe kó irú ọ̀rọ̀ yìí bá obìnrin tó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló pè.

“Tíṣà, ẹ bá mi wá sílé.”

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀rọ obìnrin kan tó ń rán kọ́tìnì ni, yóò sì wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ Ẹnjiníà níṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ ògbólógbòó kan tí wọ́n gbé jù sórí ààtàn ló kọ́ ọ. Ó tú u, ó to irin inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun bó ṣe ń yọ wọ́n, ó tò ó padà, kò ránṣọ; ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún ló tó gbọ́ tí abẹ́rẹ́ náà dún bó ṣe yẹ kó dún, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Títí dòní, ó ṣì ń ya á lẹ́nu pé òwú kan ń bọ̀ látòkè, òwú kan ń bọ̀ nísàlẹ̀, wọn kò sì mọ ara wọn rí títí wọ́n fi pàdé láàárín aṣọ. Bí méjèèjì bá fà dọ́gba, inú aṣọ ni kókó wọn ń fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá yẹ aṣọ náà wò, ojú àti ẹ̀yìn, kò ní rí kókó kankan.

Ó fi òwú sí ẹ̀rọ náà, ó fi àkísà kọ́tìnì kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ pẹ́dà. Ojú aṣọ dára. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: òwú lọ́ jọ wúruwùru bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ó yọ ilé bọ́bìnì jáde láti ìsàlẹ̀, ó fún súkúrù ara rẹ̀ le díẹ̀, ó rán an wò. Kò yàtọ̀. Ó tún fún un. Ó tún fún un. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í sún jọ, òwú wúruwùru náà sì ṣì wà níbẹ̀. Ó tún tẹ pẹ́dà, òwú sì já.

Tíṣà dé nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, agbòòrùn lọ́wọ́ kan, báàgì lọ́wọ́ kejì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Bó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò tíì dẹ́kun àti máa yẹ èékánná ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ wò.

“Lọ fọwọ́,” ló kọ́kọ́ sọ. “Gíríìsì ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ.”

Ẹnjiníà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, lọ fọwọ́. Nígbà tó padà, ó jókòó tì í ní pálọ̀, ó sì rò fún un láti orí agolo títí dé orí ọ̀sán ọ̀la. Tíṣà kò dá a dúró. Omi tútù ló ń mu díẹ̀díẹ̀.

“O ti lé e nìyẹn,” ló wí nígbà tó parí.

“Mo fún un ní ọjọ́ kan.”

“O ṣeun. Ibo lo ní kó lọ?”

Ẹnjiníà wolẹ̀. “Inú ló ń bí mi. Mo ní kó lọ bá ẹni tó ń fún un lóògùn.”

Tíṣà gbé ife omi náà sórí àga.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ta ló sọ kí ni?”

“Ohun tí Bàbá wa sọ fún Bọ̀ọ̀dá. O ò sí nílé nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lo wà. Ta ló sọ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi.”

“Torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni,” ni Tíṣà wí. “Bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. ‘Lọ bá ẹni tó ń tà á fún ọ.’ Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa nígbà tó sọ ọ́.”

Ẹnjiníà wo fọ́tò ara ògiri, ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú, ohun mẹ́ta péré ló mọ̀ nípa Bọ̀ọ̀dá: igbó, ìyẹ̀fun, ikú. Wọ́n tò tẹ̀léra wọn bí ilé mẹ́ta lójú títì kan. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí bóyá nǹkan wà láàárín wọn.

“Àwọn mẹ́ta ló ń fa igbó,” ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Bọ̀ọ̀dá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Àpò kan náà ni wọ́n ń fà á látinú rẹ̀. O mọ púlọ́ńbà tó tún ẹ̀rọ omi mi ṣe lóṣù tó kọjá?”

“Bàbá tó ń ráhùn orúnkún yẹn?”

“Òun. Ó fa igbó títí eyín rẹ̀ fi dúdú. Ọdún tó gbéyàwó ló fi í sílẹ̀. Ẹnì kejì ṣì ń fà á dòní. Ọ̀lẹ paraku ni, bó bá sì fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ kan, gbogbo ilé ló máa kọ́kọ́ pè. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí láyé rẹ̀. Mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan ló lọ.”

“Ẹ fẹ́ sọ fún mi pé igbó dára?”

“Ṣé o gbọ́ ‘dára’ lẹ́nu mi? Igbó ló jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá ka kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Orí tó mú bí abẹ, ó sọ ọ́ di ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì. Bí o bá sọ fún ọmọ rẹ pé kó fi í sílẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ. Mò ń sọ ohun tí mo fojú rí fún ọ. Yàrá ẹ̀yìn ilé ẹni tó ń ta ọjà náà ni Bọ̀ọ̀dá lọ sùn, torí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní kó lọ. Igbó wà nínú àpótí kan níbẹ̀, ìyẹ̀fun wà nínú èkejì. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Lóṣù àkọ́kọ́, igbó nìkan ni, ó sì ń béèrè ìyá wa lọ́wọ́ mi. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo gbé oúnjẹ dé, kò dá mi mọ̀.”

“Kí ló dé tí kò padà wálé?”

“Ó padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá kan géètì. Èmi àti ìyá wa dúró nínú, à ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ Bàbá wa ni kọ́kọ́rọ́ wà.” Tíṣà gbé ife rẹ̀, ó rí i pé omi ti tán nínú rẹ̀, ó gbé e padà. “Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọwọ́ òsì là ń fi bá ọmọ wí, kí á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ti Bàbá wa, ọwọ́ méjèèjì ló fi tì í.”

“Ṣé ó dá yín lójú pé géètì yẹn ló pa á?”

“Rárá o. Ó lè jẹ́ pé bó bá sùn sílé, yóò ṣì lọ. Orí èèyàn kì í ṣe bákan náà. Mi ò mọ̀, ìwọ náà ò sì mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀: lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lo ìyẹ̀fun, kì í ṣe ilé wa ló sùn.” Ó mú agbòòrùn rẹ̀. “Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mi ò bá ọ wí pé o sá. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ò ń sá gbà. Mo ti lọ.”

“Ẹ ò ní bá ọmọ náà sọ̀rọ̀?”

“Èmi kọ́ ni mo lé e.”

Ẹnjiníà padà sídìí ẹ̀rọ, torí pé kò mọ ibòmíràn tó lè jókòó sí. Ó fi òwú tuntun sí i, ó tẹ pẹ́dà, ó yí aṣọ wò. Wúruwùru náà ni. Ó tún na ọwọ́ sí ilé bọ́bìnì.

“Ẹ má fún un mọ́, Bàámi. Ẹ máa já súkúrù yẹn.”

Àbíkẹ́yìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú.

“Ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣe é,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Ìsàlẹ̀ ló ti ń hàn. Mo ti ń gbọ́ ọ látinú yàrá. Òwú òkè ò rí nǹkan dì í mú, ńṣe ló ń sáré lásán.” Ó bọ́ síwájú, ó tẹ̀ ba ẹ̀rọ náà, ó sì fi ìka kan àwọn àwo irin méjì tí kò ju bọ́tìnnì lọ, tí wọ́n fẹnu kora lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Àárín wọn ló yẹ kí òwú gbà kọjá, kí wọ́n lè fún un mọ́ra díẹ̀. Òwú náà kò sí láàárín wọn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló fara gbún kọjá lọ. “Ẹ wò ó. Ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi òwú sí i.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin, sà.”

Ẹnjiníà wo irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀. Ọmọ náà kò parọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ni, èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ tí kò tíì mọ abẹ́rẹ́ í dì mú.

“Ta ló kọ́ mi?” ni Àbíkẹ́yìn wí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ẹ ní, gbé ẹsẹ̀ sókè kí o tó fi òwú sí i. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ sókè, àwo á lanu, òwú á wọlé, wọ́n á sì mú un dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, àwo ti pa ẹnu dé. Òwú tí kò ráyè wọlé, ìta ló máa gbà, ìsàlẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ sì ti máa jáde. Ẹ ní òpè ló ń rí wàhálà nísàlẹ̀ tó ń fún súkúrù ìsàlẹ̀.”

“Mo sọ pé òpè?”

“Ẹ pariwo rẹ̀ ni. Àwọn ará òpópónà kejì náà mọ̀ ọ́n rán dáadáa báyìí.”

Ẹnjiníà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, àwo méjèèjì sì ya ẹnu díẹ̀, bíi pé wọ́n fẹ́ mí. Ó mú òwú, ó gbà á sáàárín wọn, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó fà á wò: wọ́n ti mú un. Àbíkẹ́yìn ti yọ ilé bọ́bìnì, ó sì ń dá súkúrù rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán an wò, ẹ̀yìn aṣọ dán bí ojú rẹ̀.

Bàbá náà di àkísà náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀.

“Kí ni kì í jẹ́ kó o sùn?”

Ọmọ náà wò ó. Láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní ìyẹn.

“Etí mi ń hó,” ló wí. “Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ ńlá yẹn. Igba ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, Bàámi, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, fún ọdún mẹ́ta. Mo rò pé bí mo bá kúrò níbẹ̀, á dákẹ́. Kò dákẹ́. Ọ̀sán ṣì dáa, nǹkan ń dún. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá ti sùn, igba ẹ̀rọ náà á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.”

“Báwo ló ṣe ń dún?”

“Bí ẹ̀rọ tó ń sáré tí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀.”

“Tèmi dà bí omi tó ku díẹ̀ kó hó,” ni Ẹnjiníà wí.

“Tiyín?”

“Ó ti lé lógún ọdún. Kí lo rò pé fáànù ń ṣe lẹ́bàá etí mi nígbà òtútù?”

Àbíkẹ́yìn jókòó sórí báàgì rẹ̀.

“Orogún Màámi,” ló wí.

“Atẹ́gùn rẹ̀ kọ́ ni mò ń wá. Ohùn rẹ̀ ni. Bí nǹkan bá ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, híhó yẹn kì í ráyè ṣe ọ̀gá. Èmi fúnra mi ni mo ṣàwárí rẹ̀. Ó tì mí lójú ni. Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ wá fún Ẹnjiníà tí etí rẹ̀ ń hó?”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń gbọ̀n, tó ń mú omijé bọ̀. Ẹ̀rín náà ran bàbá rẹ̀, ó sì mi èjìká rẹ̀. Nígbà tó dá, Ẹnjiníà tọ́ka sí ọ̀rá pẹlẹbẹ tó ṣì wà lórí tábìlì.

“Sọ ti ìyẹn fún mi.”

“Igbó ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹyọ kan ò tó mọ́, mò ń fa méjì. Nígbà tí méjì ò tó, mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, Pẹ̀lẹ́-o, èyí tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń fọ mọ́tò, tó ń kí gbogbo èèyàn ní pẹ̀lẹ́. Ó ní pẹ̀lẹ́ o, òun ní nǹkan tó ju igbó lọ.”

“O máa lò ó?”

“Mo gbé e sọ́wọ́ lánàá. Mo kọjá ní pálọ̀, mo rí fọ́tò Bọ̀ọ̀dá, mo dá a padà sínú agolo.”

“Bó bá jẹ́ pé ìta lo máa sùn lọ́la ńkọ́?”

Àbíkẹ́yìn ń fi ìka yí síìpù báàgì rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

“Mi ò mọ̀, Bàámi.”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, èyí ló ba Ẹnjiníà lẹ́rù jù. Òun náà ló sì fi mọ̀ pé ọmọ òun kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Gbọ́. Èmi àti ìwọ la jọ máa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. A máa kó hóró yìí fún nọ́ọ̀sì, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yẹ etí wa wò, tèmi àti tìrẹ.”

“Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n yẹ tiyín wò?”

“Bí wọ́n bá ní mo dití, ìwọ ni wàá máa dá oníbàárà lóhùn.”

Àbíkẹ́yìn mú fóònù rẹ̀, ó pa nọ́ńbà Pẹ̀lẹ́-o rẹ́ níṣojú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ewé inú bébà.

“Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín,” ló wí. “Hóró yẹn, mo búra pé mi ò ní fọwọ́ kàn án. Igbó, mi ò tíì lè búra. Mo lè dín in kù. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní lónìí ló tán, ẹ̀yin náà ò ní gbà mí gbọ́.”

Ó ku díẹ̀ kí Ẹnjiníà pariwo. Ó wo ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò.

“Mi ò fẹ́ ẹ,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò fẹ́ ẹ nínú ilé mi, mi ò sì ní dẹ́kun àti máa sọ ọ́. Bó bá wà lójú rẹ, má jókòó sídìí ẹ̀rọ; abẹ́rẹ́ kì í mọ ẹni tó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń lọ, máa sọ fún mi. Bí o bá ṣubú, sọ fún mi. Má fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ bọ́bìnì fún mi mọ́.”

“Ọ̀sán ọ̀la ńkọ́?”

Ẹnjiníà dìde, ó gbé báàgì náà, ó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

“Kí lo kó sínú ẹ̀, òkúta?”

“Ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ́ ẹ fún mi ni.”

Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà sí yàrá ọmọ náà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lọ mú fáànù wá láti yàrá tirẹ̀. Ó fi sukudiráfà tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kán epo díẹ̀ sí i kó má bàa máa hùn, ó sì kọ́ ọmọ náà pé àárín ni kó fi í sí, kì í ṣe kíkankíkan.

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mo ní mọ́tò ẹ̀rọ ògbólógbòó kan níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fi ṣe fáànù.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó ń rán kọ́tìnì dé kí ìrì tó gbẹ. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pè: “Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀rọ mi ńkọ́?”

Ẹnjiníà fi ìka kan ètè rẹ̀. Obìnrin náà wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀,” ni Ẹnjiníà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọmọ ń sùn.”

“Ọmọ wo? Ìyàwó yín ti gbé ọmọ tuntun yẹn wá síbí ni?”

“Ọmọ mi.”

Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn yàrá tó wà ní títì. Ohùn fáànù kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ déédéé. “Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ í sọ,” ló wí, òun náà ti rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n rí i bó ṣe ń rán, kí n máa gbé e lọ.”

Ẹnjiníà fa àkísà kọ́tìnì kan sábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò tẹ pẹ́dà. Ó fi ọwọ́ di kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mú, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ sókè, bí ẹni tó ń ka nǹkan láìlanu. Ó pẹ́ kó tó rán gígùn ìka méjì. Obìnrin náà yí aṣọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mi orí pé ó dára, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn jáde.

Ẹ̀rọ mìíràn wà nílẹ̀ tó ń dúró. Ẹnjiníà gbé e sórí tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fi òwú sí i, ó sì ń fi ọwọ́ yí i lọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, fáànù ṣì ń dún. Ilé ìwòsàn lè dúró di ìrọ̀lẹ́; kò tíì lọ jí ọmọ náà.